Àlejò Inú Òkúta Ọláṣẹ̀hìndé

Bí ẹlòmíràn bá rí ohun tí kò mọ̀ nínú ilé rẹ̀, yóò béèrè pé kí ni. Ọláṣẹ̀hìndé kò béèrè. Orúkọ ló sọ ọ́.

Gbogbo Ungwan Boro ló mọ òun àti àpótí gíláàsì rẹ̀. Òkun kò sí ní Kàdúná, odò ló wà. Ṣùgbọ́n ọ̀gá wa ní àfi kí òun gbé òkun wá sí pálọ̀, tòun ti omi iyọ̀, ẹja aláwọ̀ mèremère, àti òkúta tí iyùn ààyè hù lé lórí, tí wọ́n dì ránṣẹ́ láti Èkó. Inú ihò òkúta yẹn ni àlejò náà bá wọlé. Ó jọ edé, ó gùn bí ìka àárín, àwọ̀ ewé àti pupa ń dán lára rẹ̀, ojú rẹ̀ méjèèjì yọ síta bíi gílóòbù, ó sì ká ọwọ́ méjì mọ́ àyà bí ẹni tó ń gbàdúrà.

"Ẹ wo onírẹ̀lẹ̀!" ni Ọláṣẹ̀hìndé kígbe. Ó sọ ọ́ ní Tolúwalàṣẹ. Kò tán síbẹ̀ o! Láràárọ̀ ni yóò dúró níwájú gíláàsì nínú síńgílẹ́ẹ̀tì tó ti lu, tí yóò máa ki edé ní oríkì: "Tolúwalàṣẹ, ọmọ olómi iyọ̀! Arẹwà inú ihò! Akáwọ́-máyà-bí-àlùfáà!"

Ìyàwó rẹ̀, Folúṣadé, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí ní Kabala Doki, wo ẹranko, ó wo ọkọ, kò mọ èyí tí òun ì bá kọ́kọ́ ṣàánú.

"Bàbá Iyìolúwa, kì í ṣe àdúrà ló ń gbà. Ẹ̀ṣẹ́ ló ká síbẹ̀. Òun ló fi ń fọ́ ìkarahun."

"Ìyá Iyìolúwa, iléèwé ti parí fún òní."

Kò pẹ́ tí pa! pa! fi bẹ̀rẹ̀ nínú àpótí. Ìgbín òkun di èérún. Ẹja kan pòórá, òmíràn tẹ̀lé e. Ọlọ́gbọ́n ọkùnrin bá rí ọ̀daràn mú: Folúṣadé! Ó ní oògùn ẹ̀fọn tó ń fín ló fi pa ẹja òun, owú ló ń jẹ. Ta ní ń jowú edé? Ó gbé ẹjọ́ náà lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá àdúgbò, nítorí pálọ̀ rẹ̀ ni ìpàdé oṣù yẹn kàn. Ọ̀ràn dé bá Folúṣadé. Bí ẹgbẹ́ bá fi lè pè é ní olóró, ta ni yóò tún jẹun lọ́wọ́ rẹ̀?

Lọ́jọ́ ìpàdé, Alhaji Abdussalam, alága, nu ẹnu. "To! Olùpẹ̀jọ́, sọ tẹnu rẹ."

Ọláṣẹ̀hìndé sọ títí òógùn bò ó. Níkẹyìn ó nawọ́ sí àpótí. "Ẹ wo Tolúwalàṣẹ! Ṣé ọmọ jẹ́jẹ́ yìí lè pa ẹja?" Ó ti ọwọ́ bọ omi kí ó fi pa á lórí.

Pa!

"Yéè! Wọ́n yìnbọn fún mi!"

"Kai!" ni Alhaji wí. "Ẹ̀jẹ̀ rèé!"

"Ó… ó ń kí mi ni," ni Ọláṣẹ̀hìndé wí, omijé ń bọ́.

Tolúwalàṣẹ kò tíì kí i tán. Ó kọjú sí gíláàsì. Pa! Pa! Gíláàsì sán láti òkè délẹ̀, òkun tú sórí kápẹ́ẹ̀tì, gbogbo àgbà ẹgbẹ́ gun àga. Folúṣadé nìkan ló dúró nílẹ̀. Ó kó ẹja tó kù sínú báàfù, ó fi ìkòkò ọbẹ̀ gbọ́n àlejò náà, ó dé e pa.

"Ẹjọ́ ti parí," ni Alhaji wí lórí àga. "Obìnrin yìí kò mọwọ́mẹsẹ̀. Ọláṣẹ̀hìndé, kúnlẹ̀. Fi oríkì rẹ̀ bẹ̀ ẹ́, kí gbogbo wa gbọ́."

Ọláṣẹ̀hìndé kúnlẹ̀ sínú omi iyọ̀, ó lanu. "Ọmọ olómi… arẹwà inú…"

Oríkì edé nìkan ló mọ̀.

Folúṣadé gbé ìkòkò mọ́ra. "Àwẹ̀ró ni oríkì mi," ó ní. "Ẹ tún un bẹ̀rẹ̀. Omi kò tíì gbẹ, ẹ ò sì tíì ní dìde."

Nínú ìkòkò, nǹkan kan lu irin: pa!