Ohun Tí A Kì Í Sanwó Wò

Aránṣọ rún ìwé náà mọ́ àtẹ́lẹwọ́, ó sọ ọ́ mọ́ ògiri. Ìwé kì í dún bí òkúta. Ó kàn balẹ̀ pẹ́lẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà, ìyẹn náà sì tún dá kún ìbínú rẹ̀.

Ọjọ́ kẹrin rèé tí ó ti dé ìlú ńlá yìí wá wo àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá kan ṣoṣo tí ó ní. Láti ọjọ́ tí ó ti dé, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, àbúrò náà á wẹ̀, á wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, á so táì mọ́rùn, á gbé báàgì kọ́ èjìká, ó di ọ́fíìsì. Ó di ìgbà tí òòrùn bá wọ̀ kí ó tó padà. Aránṣọ nìkan ni yóò kù nínú yàrá kan ṣoṣo yẹn, tí yóò máa wo fèrèsé tí ó kọjú sí ògiri ilé onílé. Láàárọ̀ òní ni ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ó bi àbúrò rẹ̀ bóyá wọn kò mọ̀ ní ọ́fíìsì yẹn pé ènìyàn a máa ní ẹbí. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín tí kò dénú, ó ní iṣẹ́ ló wọ àwọn lọ́rùn, àwòrán ilé ìwòsàn kan ni àwọn ń yà, ọ̀gá kò sì fẹ́ gbọ́ àwíjàre. Ó wá fa ìwé kan yọ nínú báàgì, ó fi lé orí tábìlì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má jókòó sínú ilé bí ẹlẹ́wọ̀n. Mo ti kọ àwọn ibi tí ẹ lè lọ wò sínú ìwé yìí, mo sì kọ aago tí ẹ máa dé ọ̀kọ̀ọ̀kan síbẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn."

Ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ọ̀fẹ́. Ọ̀rọ̀ kan yẹn ló gún un lọ́kàn bí abẹ́rẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni òun lọ́jọ́ tí ìyá wọn kú, àbúrò yìí sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Òun ló di ìyá, òun ló di bàbá. Òun ló fi ẹsẹ̀ tẹ máṣíìnì ìránṣọ títí orúnkún fi ń dún, kí ọmọ yẹn lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán ilé. Òun náà ni wọ́n wá ń fi ọ̀fẹ́ tàn lónìí, bí ìgbà tí ènìyàn ń fi ìdérí ìkòkò tan ọmọ ọwọ́.

Ohun kan sì tún wà lábẹ́ ìbínú náà tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ojú rẹ̀ ń ṣú. Láti bí oṣù mẹ́jọ ni ohun gbogbo ti ń rí bí ẹni pé ó wà lẹ́yìn èéfín, dókítà ìlú wọn sì ti sọ fún un pé yóò máa le sí i ni. Ó ti rán apá aṣọ oníbàárà kan sódì rí, lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ó ti ti ṣọ́ọ̀bù pa. Àpótí tí ó gbé wá kì í ṣe àpótí ẹni tí ó fẹ́ lo ọ̀sẹ̀ kan. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ta ni òun sì tún ní bí kò ṣe ọmọ tí òun fi ọwọ́ ara òun tọ́? Ṣùgbọ́n báwo ni ènìyàn ṣe ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí kì í jókòó?

Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú ìwé náà nílẹ̀, ó fi ọwọ́ tẹ́ ẹ. Yóò lọ. Yóò rìn títí ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi wú, kí ó lè rí nǹkan fi bá àbúrò rẹ̀ wí bó bá dé.

Ibi àkọ́kọ́ ni ọgbà ìgbafẹ́ kan. Orúkọ ibi àti aago, tí àbúrò rẹ̀ kọ gàdàgbà, nìkan ló rí kà. Àwọn lẹ́tà kéékèèké tó wà nísàlẹ̀ wọn ń rìn bí èèrà lójú rẹ̀. Wọ́n to òdòdó sínú ọgbà náà bí ọmọ iléèwé tí ń dúró gba ìbáwí. Wọ́n gé koríko mọ́lẹ̀, wọ́n sì kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀ ẹ́. Aránṣọ jókòó sórí àga onígi, ó bínú sí òdòdó. Ó bínú sí ọkùnrin tí ń fa ajá lọ àti ajá tí ń fa ọkùnrin náà bọ̀. Ìyá àgbà kan kí i, ó bínú sí ìyẹn náà, nítorí pé ọmọ rẹ̀ dì í lápá mú bí wọ́n ṣe ń kọjá. Gẹ́gẹ́ bí ìwé ṣe wí, aago kan ọ̀sán ló yẹ kí ó kúrò níbẹ̀. Kò lò tó ìdajì wákàtí tí ó fi dìde. Ta ni yóò máa fi aago darí òun bí ọkọ̀ ojú irin?

Ibi kejì ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ilé olókùúta gíga kan tí wọ́n kó ohun àtijọ́ sí. Obìnrin kan tí ó sanra, tí ó so kọ́kọ́rọ́ rẹpẹtẹ mọ́ ìbàdí, ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Aago mọ́kànlá kò tíì lù dáadáa. Aránṣọ na ìwé sí obìnrin náà, ó ní òun gbàgbé gíláàsì òun sílé, kí ó jọ̀ọ́ bá òun ka ohun tí wọ́n kọ nípa ilé yìí. Aṣọ́nà fajú ro díẹ̀, ó gbà á, ó kà á sókè.

"'Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, aago kan ààbọ̀. Ẹ wọ yàrá aago. Ẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà nídìí fèrèsé kẹta, ibẹ̀ ni fáànù ń fẹ́ sí. Omi ẹ̀rọ ẹ̀yìnkùlé tutù ju ti iwájú lọ. Obìnrin ẹnu ọ̀nà máa kọ́kọ́ le mọ́ yín, ẹ má dá a lóhùn, èèyàn dáadáa ni.'"

Aṣọ́nà tún ìparí rẹ̀ kà sínú, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Màmá, Onítáì ló kọ èyí. Kò sí ẹlòmíràn tó mọ bẹ́ǹṣì yẹn."

Kò dúró kí wọ́n bi í kí ó tó máa rò ó. Ó ní ọkùnrin kan ni, tí í so táì lójoojúmọ́ bí ẹni tí ó fẹ́ lọ jẹ́rìí ní kóòtù. Yàtọ̀ sí ọjọ́ Ajé tí àwọn kì í ṣílẹ̀kùn, kò sí ọjọ́ tí kì í wá. Òun tiẹ̀ kọ́kọ́ rò pé ìjọba ló rán an wá ṣọ́ àwọn òṣìṣẹ́. Ìgbà tó yá ni òun rí i pé kò ríṣẹ́ ni, pé ó kàn ń wá ibi jókòó sí tí ẹnikẹ́ni kò ní lé e. Ó ti tó oṣù méje báyìí. Ó wà nínú níbẹ̀ bí àwọn ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

"Àbí ẹ mọ̀ ọ́n ni, Màmá?"

"Mo mọ̀ ọ́n," ni Aránṣọ wí. "Mo rò pé mo mọ̀ ọ́n."

Inú yàrá náà tutù. Aago ńlá, aago kékeré, aago ògiri, aago àpò: gbogbo wọn ti kú, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń pe àkókò tirẹ̀. Ẹnìkan jókòó nídìí fèrèsé kẹta. Aránṣọ ní láti sún mọ́ ọn gidigidi kí ojú rẹ̀ tó gbà pé àbúrò òun ni. Ó ti bọ́ bàtà. Ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ ti já ní gìgísẹ̀. Ó gbé búrẹ́dì lé orúnkún kan, ó gbé ìwé tí ó ń ya àwòrán sí lé èkejì. Nígbà tí ó gbójú sókè, ó kọ́kọ́ wo ògiri, bí ẹni pé ọ̀kan nínú àwọn òkú aago yẹn lè gbà á.

"Aago kan ààbọ̀ ni mo kọ síbẹ̀," ni ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀.

Ká ní ibòmíràn ni, Aránṣọ ì bá ti pariwo. Ṣùgbọ́n ilé gíga a máa dá ohùn ènìyàn padà fún un, nítorí náà ó rẹ ohùn nílẹ̀. Ìbínú tí kò rí àyè pariwo, àárín eyín ló ń gbà jáde.

"Láti ìgbà wo?"

"Oṣù méje."

"Oṣù méje. Ìgbà mélòó lo sọ fún mi lórí fóònù pé ọ̀gá ń yìn ọ́?"

Ó wo búrẹ́dì orúnkún rẹ̀. "Ìgbàkígbà tí ẹ bá ti bèèrè ni."

Aránṣọ bú u. Ó ní òpùrọ́ ni. Ó ní òun ti jókòó ọjọ́ mẹ́rin nínú yàrá bí ẹrù tí wọ́n gbàgbé sí gáréèjì, kí ọ̀gbẹ́ni lè ráyè wá bá òkú aago ṣeré. Ó ní iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kò dun òun tó bí ó ṣe sọ òun di àlejò nínú ayé rẹ̀, tí ó tún kọ ọ̀nà tí òun máa gbà sínú ìwé kí òun má baà pàdé rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ jẹ́ kí ó wí tẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó yá, ó rọra ṣàlàyé: kọ̀ǹpútà ló gba iṣẹ́, àwọn mọ́kànlá ni wọ́n dá dúró lọ́jọ́ kan náà. Ó ní òun ti wọ ọ́fíìsì dé ibi tí kò sí ẹnu ọ̀nà tí òun kò tíì kàn mọ́. Ìmọ́lẹ̀ fèrèsé yìí dára, nítorí náà ibẹ̀ ni òun ti ń ya ilé fún ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ilé kékeré. Méjì péré ló tíì wá.

"Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ sọ fún yín, ẹ wà lọ́dọ̀ oníbàárà kan. Mo gbọ́ tí ẹ ń sọ fún un pé àbúrò yín ló ń ya ilé ìwòsàn tuntun. Mo gbọ́ bí ohùn yín ṣe rí. Mi ò lè gbà á lọ́wọ́ yín."

Òótọ́ ni. Kò sí oníbàárà tí Aránṣọ wọ̀n láyà rí tí kò gbọ́ nípa àbúrò náà kí ó tó wọn ìbàdí rẹ̀. Pé ó jẹ́ òótọ́ gan-an ni kò jẹ́ kí inú rẹ̀ rọ̀.

"Ẹni tó bá lè fi irú nǹkan báyìí pamọ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀…"

Ó bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn náà, kò lè parí rẹ̀. Aṣọ́nà yọjú lẹ́nu ọ̀nà láti sọ fún wọn pé kí wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀. Ó wo àwọn méjèèjì, ó rọra fa ilẹ̀kùn dé.

Aránṣọ jókòó sí etí bẹ́ǹṣì.

"Mi ò lè fi òwú sínú abẹ́rẹ́ mọ́," ni ó wí.

Ọ̀rọ̀ náà kò yé àbúrò rẹ̀.

"Ojú mi. Mo ti ti ṣọ́ọ̀bù pa. Kì í ṣe pé mo wá kí ọ. Mo wá bá ọ gbé ni."

Ọkùnrin náà fò dìde, búrẹ́dì bọ́ sílẹ̀.

"Láti ìgbà wo?"

"Oṣù mẹ́jọ."

"Oṣù mẹ́jọ, ẹ ò sì sọ fún mi? Ta ló ń mú yín sọdá? Ẹ̀yin nìkan lẹ gba àárín mọ́tò ìlú yìí kọjá láàárọ̀ yìí, ẹ ò ríran! Bí ọ̀kan bá gbá yín ńkọ́? Ta ni wọ́n máa wá sọ fún?"

Ó ń bá a lọ. Ó bínú dé ibi tí kò mọ ibi tí ó máa kó ọwọ́ rẹ̀ sí. Òpùrọ́ nìkan ni kò tíì pè é. Aránṣọ gbé orí sókè láti fèsì, nítorí kò sí ẹni tó bá a wí báyìí rí láyé. Ìgbà náà ni ó dá ohùn yẹn mọ̀. Tirẹ̀ ni. Ohùn tí ó fi bá àbúrò yìí wí nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje ni, lọ́jọ́ tí kò tètè ti iléèwé dé. Ìdí káfíńtà kan ló ti rí i tí ó jókòó sórí ìyẹ̀fun igi, tí ó ń wo bí wọ́n ṣe ń fi pátákó ṣe fèrèsé. Ó nà án dé ilé. Ọmọ náà sunkún sùn. Aránṣọ kò sì tíì sọ fún un títí di òní pé kí òun tó dé ìdí káfíńtà yẹn, òun ti kọ́kọ́ sáré lọ sídìí kànga, òun ti kúnlẹ̀, òun ti na ọrùn sínú rẹ̀, òun ti pe orúkọ rẹ̀ sínú òkùnkùn omi.

Àbúrò rẹ̀ kò tíì dákẹ́. Ó ń bi í nípa dókítà, ó ń bi í nípa títì, ó ń bi í nípa àkàsọ̀ iwájú ilé tí kò ní ohun tí ènìyàn lè dì mú, kò sì dúró gbọ́ èsì kankan. Aránṣọ ń gbọ́ ìbínú náà bí ẹni tí ó gbọ́ ẹkún ọmọdé lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí bẹ́ǹṣì, ó fi àyè sílẹ̀ fún un, ó sì jẹ́ kí ó máa bá òun wí.