Orúkọ Tó Di Àpò

"Ta ló tún ń rántí wọn?" Ẹ̀gbọ́n Tíṣà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ìyá wọn bí ẹni tí kò fẹ́ kí eruku kan bàtà òun. "Ó ti pẹ́ tí màmá ti lọ. Onílé fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, àwa méjèèjì ò sì mọ aṣọ rán. Kí la fẹ́ fi ṣe?"

Tíṣà ń fọwọ́ nu ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá wọn, níbi tí ọ̀dà rẹ̀ ti bó nítorí ìgbọ̀nwọ́ obìnrin náà. Láti ìgbà tí onílé ti sọ̀rọ̀ ni ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù yìí ti há àwọn ọmọ ìyá méjèèjì lọ́fun bí eegun ẹja.

Àǹtí Múdùnmúdùn ni gbogbo àdúgbò ń pe ìyá wọn. Aṣọ tó bá wù ú, múdùnmúdùn ni. Atẹ́gùn ìrọ̀lẹ́, ọmọ tuntun, oníbàárà tó lójú àánú, múdùnmúdùn ni gbogbo wọn. Kò sì sí aṣọ obìnrin tó rán tí kì í fi àpò kékeré kan sí nínú, lẹ́bàá ìbàdí, níbi tójú ò tó. Kì í béèrè kó tó rán an. Á ní obìnrin gbọ́dọ̀ ní ibi tọ́wọ́ ẹlòmíì ò dé.

Tíṣà bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó fún òun láyè di ọjọ́ kejì. Kò fẹ́ kí ṣọ́ọ̀bù náà bọ́, torí ó rò pé ibẹ̀ nìkan ni orúkọ ìyá wọn ṣì wà.

Pẹ̀lú ara tó wúwo ló fi wọ kíláàsì láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Iṣẹ́ ọjọ́ náà ni àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ti ara orúkọ jáde. Ó sọ fún wọn pé oyè ọlọ́lá kan ni kadigáànì, súwẹ́tà oníbọ́tìnì, pé ọkùnrin tó ṣe ẹ́ńjìnnì tó ń lo dísù ló fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ó ní òmìrán inú ìtàn àtijọ́ tó fi èjìká gbé sánmà ni átíláàsì, ìwé àwòrán ilẹ̀ ayé, orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ àtọwọ́dá inú eré orí ìtàgé kan sì ni róbọ́ọ̀tì. Nígbà tó dé orí sáńwíìṣì, búrẹ́dì tó ń jẹ́ orúkọ ọkùnrin ọlọ́lá mìíràn, ọmọ kan béèrè bóyá inú kì í bí àwọn ọmọ ọkùnrin náà báwọn èèyàn ṣe ń jẹ bàbá wọn. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

Ọmọbìnrin kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ na ọwọ́. "Mà, ṣé èdè tiwa náà nírú ẹ̀? Bíi múdùnmúdùn?"

Àwọn yòókù ní nǹkan dídùn nìyẹn, kì í ṣe orúkọ èèyàn. Ọmọ náà ní àpò inú aṣọ lòun ń wí. Nígbà tóun lọ kí àbúrò ìyá òun nílùú wọn, télọ̀ tó ń rán aṣọ fún òun níbẹ̀ béèrè bóyá kó fi múdùnmúdùn sínú aṣọ náà. Òun béèrè ìdí tó fi ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Télọ̀ ní òun ò mọ̀, bí ọ̀gá òun ṣe ń pè é nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ọ̀gá ọ̀gá òun.

Tíṣà gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀. Àpò lásán ni ìyá rẹ̀ máa ń pè é. Ó ní láti jẹ́ pé àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ló fi orúkọ rẹ̀ pe àpò náà, tí wọ́n sì gbé e lọ nígbà tí wọ́n gba òmìnira.

"Èèyàn ni," ló wí.

Ó jókòó sétí tábìlì, ohun tí kì í ṣe rí, ó sì ń sọ fún wọn nípa obìnrin tó máa ń fi ètè há abẹ́rẹ́ kó tún máa kọrin, tó ń fi àkísà rán aṣọ fún ọmọláńgidi, tí ọmọ rẹ̀ máa ń sùn sáàárín àjákù aṣọ lábẹ́ tábìlì, tí ariwo ẹ̀rọ sì ń rẹ̀ ẹ́ bí orin ìrẹmọ.

"Ṣé ẹ mọ̀ wọ́n ni, mà?" lọmọbìnrin náà béèrè.

"Àwọn ló bí mi."

Nígbà tí iléèwé jáde, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní kí onílé máa gba ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fura, ó ní kí ló dé. Tíṣà rò ó fún un látòkè délẹ̀.

"Ìyàwó mi ní múdùnmúdùn nínú aṣọ," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Bẹ́ẹ̀ ló ń pè é. Mi ò bi í rí."

Ohùn rẹ̀ ti yí padà. Ó ní òun ò ní wá alágbàrù mọ́, káwọn méjèèjì fọwọ́ ara wọn kó ẹrù ìyá wọn lọ́jọ́ Sátidé, kí Tíṣà mú àwọn ọmọ rẹ̀ dání, òun náà á mú tòun wá.

"Ẹ tètè dé," ló fi kún un. "Mo fẹ́ ká kọ́kọ́ jókòó síbẹ̀ díẹ̀."