Àálè Tó Já

Nínú kíláàsì òfin ìwà ọ̀daràn ní yunifásítì, olùkọ́ ní ẹni tó gbé ẹrù ẹlòmíràn, tó gbà tọkàntọkàn pé tòun ni, kì í ṣe olè. Ojú ti Kòfowórọlá.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ní Akaka, afẹ́fẹ́ já àkísà àálè kúrò lára òkìtì ẹyìn ìyá rẹ̀, Bàbá Láídé, aládùúgbò wọn, sì kó o mọ́ tirẹ̀. Lójú àwọn ọmọ bàbá náà ni Kòfowórọlá ti pè é lólè tí ẹ̀wọ̀n tọ́ sí.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ kì í ṣe olè."

"Lọ́yà, èmi nìkan kọ́ ló gbọ́ ti àkọ́kọ́." Bàbá Láídé pe àwọn ọmọ rẹ̀ jáde. "Tún un sọ."

Kòfowórọlá ò lè gbójú sókè, ṣùgbọ́n ó tún un sọ.