Ẹni Tó Ni Kọ́kọ́rọ́ Méjì Náà

“‘Ẹ lé Àjàgbé lọ kíákíá, nítorí olè ni.’” Alájì Gbàdàmọ́sí ka gbólóhùn náà tán, ó gbé lẹ́tà kalẹ̀ sórí tábìlì, ó sì yọ awò ojú rẹ̀.

Àwẹ̀ró bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi yọ lójú rẹ̀, kó tó rí i pé òun nìkan ló ń rẹ́rìn-ín.

“Màdáàmù, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ẹ̀rín o,” ni Alájì wí. “Ọkùnrin tó kọ ọ́ ti fi ẹ̀dà lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí àwọn tó ń ra ìwé fún láíbìrì àwọn ilé ẹ̀kọ́.”

“Ṣùgbọ́n Alájì, èmi ni Àjàgbé.”

“Mo mọ̀.”

“Èmi náà ni Àpèkẹ́ tí ọkùnrin náà ní Àjàgbé jí iṣẹ́ rẹ̀.”

“Mo mọ̀, Màdáàmù. Ṣebí èmi ni mo sọ yín lórúkọ.”

Òótọ́ ló sọ. Ilé iṣẹ́ Alájì wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Òkókómáíkò, lórí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta páìpù omi, ìwé aláwòrán nípa iṣẹ́ ọnà ni wọ́n sì ń ṣe jáde níbẹ̀. Ẹ̀ka mẹ́ta ló ní, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan sì ní àmì tirẹ̀ lẹ́yìn ìwé. Ẹ̀ka Òpó ń ṣe ìwé nípa igi gbígbẹ́, Ẹ̀ka Ẹ̀tù ń ṣe ti aṣọ, Ẹ̀ka Ẹyẹlé sì ń ṣe ìwé àwòrán fún àwọn ọmọdé. Ẹni tó bá rí wọn lórí àtẹ yóò rò pé èèyàn kún inú ilé iṣẹ́ náà fọ́fọ́. Irọ́ ni. Alájì, akọ̀wé kan tó ń tẹ taipuráítà, àti Àwẹ̀ró, gbogbo wọn nìyẹn. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1979, Alájì ní ta ni yóò ka ilé iṣẹ́ tó ní ayàwòrán kan ṣoṣo sí nǹkan gidi, pàápàá tí ayàwòrán ọ̀hún tún jẹ́ obìnrin tí kò dé yunifásítì rí? Ó wá fún un lórúkọ mẹ́ta. Àjàgbé ló ń yàwòrán fún Òpó, Mojísọ́lá fún Ẹ̀tù, Àpèkẹ́ fún Ẹyẹlé.

Kí a má parọ́, Àwẹ̀ró gbádùn rẹ̀ nígbà náà. Ó kọ́ bí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn yóò ṣe máa fọwọ́ síwèé. Ti Àjàgbé ní ìrù gígùn, ti Mojísọ́lá dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ti Àpèkẹ́ sì rí róbótó-róbótó. Ọdún kejìlá rèé tó ti ń fọwọ́ sí i fún wọn.

Ìwé ńlá ló wá sọ ọ̀rọ̀ di wàhálà. Ọdún mẹ́ta gbáko ni Àwẹ̀ró fi rìn ká Ọ̀jọ́, Ìbà àti Ọ̀tọ̀-Àwórì, tó ń ya àwọn ìlẹ̀kùn onígi ilé àtijọ́ kí àwọn onílé tó fi ìlẹ̀kùn onírin pààrọ̀ wọn. Ó jókòó lórí àpótí níwájú ilé onílé, òòrùn pa á, ajá gbó o, àwọn kan tilẹ̀ rò pé ìjọba ló rán an láti wá wo ilé wọn. Alájì ti ṣèlérí fún un pé orúkọ Àwẹ̀ró gan-an ni yóò wà lójú ewé àkọ́kọ́ ìwé yìí. Àárọ̀ ọ̀la ni ojú ewé náà ń lọ sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé ní Ṣómólú.

“Ohun tí mo rò ni pé ká fèsì pé a ti lé Àjàgbé,” ni Alájì wí. “Ká wá fi orúkọ Àpèkẹ́ sí ìwé ńlá. Àwọn èèyàn fẹ́ràn Àpèkẹ́.”

“Èmi ńkọ́?”

“Ẹ̀yin kọ́ ni Àpèkẹ́ ni?”

Kò sí ìkà nínú ohùn rẹ̀ rárá. Ìyẹn gan-an ló dun Àwẹ̀ró jù. Ó ká lẹ́tà náà, ó tì í bọ inú báàgì rẹ̀, níbi tí àwòrán ojú ewé àkọ́kọ́ ṣì wà. Kò tíì fi í sílẹ̀, kò sì ní fi í sílẹ̀ báyìí.

“Ẹ fún mi di aago mẹ́rin,” ló wí, ó sì sọ̀ kalẹ̀.

Ìjànìkin ni àdírẹ́sì tó wà lórí lẹ́tà náà. Ọkọ̀ tó wọ̀ lọ síbẹ̀ gba Àjàngbàdì kọjá, ó sì rí ẹnu àdúgbò rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Yàrá kan ló háyà níbẹ̀. Gbogbo obìnrin inú ọgbà ló ń jẹ́ orúkọ ọmọ wọn: Ìyá Ṣẹ́gun, Ìyá Sìkírá, Ìyá Ìbejì. Ọkọ Àwẹ̀ró kú kí Ọlọ́run tó fún wọn lọ́mọ, nítorí náà Àǹtí Oníyàwòrán ni wọ́n ń pè é. Wọn kò fi bú u. Wọn kò kàn mọ orúkọ mìíràn tí wọn ì bá pè é. Nígbà mìíràn tó bá ń bọ́jú láàárọ̀, a máa pe orúkọ ara rẹ̀ sókè, kó ṣáà lè gbọ́ ọ.

Ó tún lẹ́tà náà kà nínú ọkọ̀. “Kọ́kọ́rọ́ méjì,” ni bàbá náà kọ, “ọ̀kan ńlá, ọ̀kan kékeré, tí obìnrin so mọ́ etí ìró rẹ̀ lápá òsì. Àpèkẹ́ ló ń yà á láti ọjọ́ pípẹ́. Àfi bí mo ṣe rí i nínú ìwé Àjàgbé, lára obìnrin tó dúró ti òpó kí a lè mọ bí òpó náà ṣe ga tó.” Àwẹ̀ró kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun yà á síbẹ̀. Kò sí ìgbà kankan tó pinnu láti yà á. Ọwọ́ rẹ̀ ló ń ṣe é fúnra rẹ̀.

Joseph Mákindé ni orúkọ ẹni tó kọ lẹ́tà, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, sùtánà funfun kan sì ń gbẹ lórí okùn níwájú ilé. Bàbá arúgbó náà jáde láìwọ bàtà.

“Ẹ káàsán, bàbá. Láti ilé iṣẹ́ ìwé ní Òkókómáíkò ni mo ti wá.”

“Ẹ ti lé e?”

“Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jókòó, sà.”

Bàbá rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní kó wọlé, ó sì bu omi fún un. Àga méjì ló wà ní pálọ̀. Ọ̀kan ti jin kòtò níbi tí èèyàn ń jókòó sí. Eruku ló wà lórí èkejì, bàbá sì fi aṣọ nù ún kí Àwẹ̀ró tó jókòó. Gbogbo ìwé Alájì ló wà lórí pẹpẹ, Òpó, Ẹ̀tù àti Ẹyẹlé, bàbá sì ti fi bébà kàlẹ́ńdà àtijọ́ di ẹ̀yìn wọn kí wọ́n má baà gbó. Àwẹ̀ró kò rí irú rẹ̀ rí. Àwọn ìwé tirẹ̀ wà nínú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Bàbá ṣí méjì, ó tò wọ́n síwájú rẹ̀. “Wò ó. Ẹ̀gbẹ́ òsì. Ńlá lókè, kékeré nísàlẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ́ ọmọ níwèé, mo mọ ọmọ tó ń wo iṣẹ́ ẹlòmíì. Mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rẹ́ Àpèkẹ́ jẹ. Ọmọ mi ni.”

“Ẹ mọ̀ ọ́n ni, sà?”

“Lẹ́yìn tí ìyàwó mi kú ni mo kọ̀wé sí i, pé àwòrán rẹ̀ ń tù mí nínú. Ó sì fèsì! Èèyàn ńlá bẹ́ẹ̀.” Ó mú páálí bàtà kan wá, ó sì yọ lẹ́tà kan fún un.

Taipuráítà ilé iṣẹ́ ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́; Àwẹ̀ró mọ lẹ́tà “e” tó máa ń ga ju àwọn ìyókù lọ. “Àwọn ọmọ mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí yín, bàbá,” ló wà níbẹ̀. “Ọmọ́táyọ̀ ti wọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Fọláyẹmí kì í jẹ́ kí n ráyè yàwòrán, gbogbo ìgbà ló fẹ́ kí n gbé òun pọ̀n.” Orúkọ Àpèkẹ́ wà nísàlẹ̀, róbótó-róbótó. Àwẹ̀ró kọ́ ló kọ ọ́; Alájì ti fara balẹ̀ kọ́ ìfọwọ́síwèé náà dáadáa.

“Àràárọ̀ ni mo ń dárúkọ wọn nínú àdúrà,” ni bàbá wí. “Òun àti àwọn ọmọ rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn tèmi wà ní Kàdúná. Wọn kì í kọ̀wé.”

Àwẹ̀ró di lẹ́tà náà mú. Inú bí i, kì í ṣe sí Alájì, bí kò ṣe sí Àpèkẹ́. Obìnrin tí kò sí láyé yìí bímọ mẹ́rin, ó sì tún ní bàbá kan tó ń gbàdúrà fún un kí ilẹ̀ tó mọ́. Kí ni òun ní? Fún ìṣẹ́jú kan, ó rò ó pé kí òun kàn ní “Àpèkẹ́ kí yín,” kí òun dìde, kí òun sì máa lọ. Kò sóhun tó rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Inú bàbá yóò dùn. Àárọ̀ ọ̀la, wọn yóò tẹ orúkọ Àpèkẹ́ sí ojú ìlẹ̀kùn tí òun fi ọdún mẹ́ta yà.

Ó yọ pẹ́ńsù rẹ̀. Ó dojú lẹ́tà ẹ̀sùn náà délẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yàwòrán sẹ́yìn rẹ̀: etí ìró, kókó, kọ́kọ́rọ́ ńlá, kọ́kọ́rọ́ kékeré. Bàbá tẹ̀ síwájú lórí àga. Nígbà tó yá, Àwẹ̀ró ń gbọ́ bó ṣe ń mí.

“Ta ni ọ́?”

“Èmi ni Àjàgbé, bàbá. Èmi ni Mojísọ́lá. Èmi náà ni Àpèkẹ́.”

Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń ka ìsọdipúpọ̀ lódìkejì ògiri. Wọ́n ka ti mẹ́ta tán, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ti mẹ́rin.

“Àwọn ọmọ ńkọ́?”

“Kò sí wọn, sà. Mi ò bímọ.”

Bàbá gba lẹ́tà lọ́wọ́ rẹ̀, ó dá a padà sínú páálí bàtà, ó sì rọra dé e.

“Kọ́kọ́rọ́ yìí ńkọ́? Ṣé irọ́ ni ìyẹn náà?”

“Rárá, sà. Ti ìyá mi ni.”

Ó wá sọ ọ́ fún un, ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ní Ìsẹ́yìn, ìyá rẹ̀ ń so kọ́kọ́rọ́ méjì mọ́ etí ìró. Ńlá ni ti ṣọ́ọ̀bù. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tí kékeré ń ṣí. Nígbà tí ìyá kú, wọ́n tú u lára ìró, wọ́n wá ohun tó ń ṣí títí, wọ́n sì rí àpótí páànù kan lábẹ́ ibùsùn. Àwọn àwòrán tí Àwẹ̀ró fi èédú yà sára bébà sìmẹ́ńtì nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje ló wà nínú rẹ̀, àwọn tí bàbá rẹ̀ ní kó lọ dà nù. Ìyá kò fìgbà kan sọ ọ́.

“Kí ni ìyá rẹ ń pè ọ́?”

“Àwẹ̀ró.”

“Àwẹ̀ró,” ni bàbá wí, ketekete, bí tíṣà ṣe ń pe orúkọ láti inú ìwé.

“Sà,” ló dáhùn kó tó mọ̀, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀.

“Orúkọ márùn-ún ni mo ń pè láàárọ̀,” ni bàbá wí. Kò wò ó lójú. “Ọ̀kan ṣoṣo ni màá máa pè báyìí. Ó máa ṣe mí bákan.” Ó mú bírò, ó sì kọ sábẹ́ kọ́kọ́rọ́ tí Àwẹ̀ró yà pé: “Àjàgbé kò jalè. Mo ti rí ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ náà. J. Mákindé.” Kò sìn ín dé ojú ọ̀nà. Àfi ìgbà tí Àwẹ̀ró dé ibi sùtánà ló gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà: “Bí ìwé ọ̀hún bá jáde, ìwọ gan-an ni kó o mú un wá. Má rán ẹnikẹ́ni.”

Aago mẹ́rin kù díẹ̀ nígbà tó gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Òkókómáíkò. Alájì ka ohun tí bàbá kọ, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì.

“Kí lẹ sọ fún un nípa Àpèkẹ́?”

“Mo ní kò bímọ.”

Alájì dorí kodò. “Ó ń kọ̀wé ṣáá ni. Àánú rẹ̀ ṣe mí.”

“Ẹ sì fún un lọ́mọ mẹ́rin.”

“Mo rò pé méjì á ti kéré jù.”

Díẹ̀ ló kù kí àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Àwẹ̀ró yọ àwòrán ojú ewé àkọ́kọ́ nínú báàgì, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ṣùgbọ́n kò gbé ọwọ́ kúrò lórí rẹ̀. Ìlẹ̀kùn kan ní Ìbà ni, tó ṣí sílẹ̀ díẹ̀, obìnrin kan sì kọ ẹ̀yìn síta níbẹ̀.

“Orúkọ mi ni ká fi sí i, Alájì. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, mò ń gbé e lọ sílé.”

“Àwọn tó ń rà á kò mọ Àwẹ̀ró.”

“Ẹnì kan ti mọ̀ ọ́n ní Ìjànìkin.”

Alájì wo obìnrin inú àwòrán náà, ó wo etí ìró rẹ̀ lápá òsì, ó sì mí kanlẹ̀. Ó ti pẹ́ẹ̀nì tirẹ̀ sọ́dọ̀ Àwẹ̀ró. “Ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ ọ́ sísàlẹ̀. Bó bá ṣe rí la ṣe máa tẹ̀ ẹ́.”

Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ fẹ́ fa ìrù gígùn, ó dá a dúró. Ó fẹ́ dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò jẹ́ kó dà. Róbótó-róbótó fẹ́ jáde lẹ́nu pẹ́ẹ̀nì, ó tètè gbé e sókè. Nígbẹ̀yìn ló kọ ọ́, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ tóbi jù, àwọn tó gbẹ̀yìn sì rọra ń sọ̀ kalẹ̀.

“Ẹ ò ní tún un kọ?” ni Alájì bi í.

“Rárá. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀.”

Ó fẹ́ atẹ́gùn sí yíǹkì kó lè gbẹ, ó sì wo orúkọ náà títí. Kò tíì mọ ọ́n kọ dáadáa.