Ọwọ́ NyaMhone

Ní Nkhata Bay tiwa, ẹnikẹ́ni kì í pa iṣẹ́ tì nítorí pé ó fẹ́ wo ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́. Etí adágún ni wọ́n bí gbogbo wa sí. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí Temwa Longwe ń gba àmì-ẹ̀yẹ ní Blantyre àti Lilongwe, tó tún gbé àsíá wa lọ sí òkè òkun, ohun tí wọ́n ń bi í nílé ni pé, "Ṣé iṣẹ́ nìyẹn, kí àgbàlagbà máa wẹ̀ nínú ọpọ́n?" Odò oníṣìmẹ́ǹtì àwọn ará ìlú ńlá ni wọ́n ń pè lọ́pọ́n. Temwa á rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ń dùn ún.

Ìyá rẹ̀, NyaMhone, kò wo ìdíje rẹ̀ rí. Nígbà tí Temwa wà ní kékeré, afẹ́fẹ́ mwera dojú ọkọ̀ Mwiza, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, dé lójú ìyá wọn tó dúró létí omi. A ò rí òkú ọmọ náà títí dòní. Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kú sàn ju ọmọ ẹni nù lọ. Méjèèjì ló bá NyaMhone pọ̀. Láti ọjọ́ náà, kò fẹsẹ̀ kan adágún mọ́. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjú sí omi, síbẹ̀ orí òkè nídìí ẹ̀rọ ló ti ń pọnmi, ẹ̀yìnkùlé ló sì ti ń fọ ìkòkò. Nígbà tó gbọ́ pé Temwa ti ń kọ́ ìwẹ̀ níléèwé, ohun tó sọ kò ju pé, "Òmùwẹ̀ ló ń bá omi lọ."

Nígbà tí apá Temwa bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, ó ní òun á wẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, òun á sì fi í sílẹ̀. Ìdíje ojú adágún ni, èbúté wa ló sì máa parí sí. Ó ti borí káàkiri, àmọ́ kò borí lójú àwọn èèyàn rẹ̀ rí, ìyẹn gan-an ló sì ń wá. Ọkọ̀ kan máa ń tẹ̀ lé òmùwẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹni inú ọkọ̀ lè fi ọ̀pá na ohun mímu sí i, ó lè pariwo, kódà ó lè bú u. Àmọ́ bí wọ́n bá kàn fara kanra, ìdíje òmùwẹ̀ náà ti parí nìyẹn.

Àárọ̀ ọjọ́ náà ni ibà dá olùkọ́ rẹ̀, tó yẹ kó wà nínú ọkọ̀ náà, dùbúlẹ̀. NyaMhone so ìró rẹ̀ le, ó sọ̀ kalẹ̀ wá síbi tí àwọn ọkọ̀ wà.

"Èmi ni màá jókòó síbẹ̀."

"Màmá, ẹ̀yin kẹ̀?"

"Bí omi bá máa gbé ẹ, kó gbé ẹ lójú mi."

Ada Nkhoma, àgbà ọkùnrin apẹja tó fẹ́ tu ọkọ̀ náà, bú sẹ́rìn-ín. "NyaMhone, jókòó jẹ́ẹ́ o. Ọkọ̀ mi ti darúgbó, kò fẹ́ kí wọ́n máa gbọ̀n lórí òun."

Temwa kò rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ohunkóhun tí ẹ bá rí, ẹ má fọwọ́ kàn mí."

"Mo gbọ́."

Lóòótọ́, ó gbìyànjú. Ọwọ́ kan di etí ọkọ̀ mú pinpin, ọwọ́ kejì ń fi ọ̀pá na ife thobwa, ohun mímu àgbàdo, sí ọmọ rẹ̀. Temwa ṣíwájú gbogbo wọn. Ó ti ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pariwo orúkọ rẹ̀ ní èbúté kí mwera tó dé. Ìgbì ru sókè, pajápajá sì mú un lẹ́sẹ̀. Ó rì díẹ̀, ó yọrí, ó dojú sókè, ó sì ń fọwọ́ ra ẹsẹ̀ náà. Nǹkan tó ti ṣe é rí ni, kò sì pẹ́ tó fi dẹ̀.

Ìgbà náà ló gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀.

"Mwiza! Mwiza, gba ọwọ́ mi!"

NyaMhone ti kúnlẹ̀, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ tán kúrò nínú ọkọ̀, ó na ọwọ́ sórí omi. Ada Nkhoma fa ìró rẹ̀ mú lẹ́yìn. "Obìnrin yìí, o fẹ́ dojú wa dé! Wò ó, ara ọmọ ẹ ti yá, ó ń wẹ̀!" Kò gbọ́.

Ọwọ́ náà kò tíì kan Temwa. Kò ju kó yíjú sí èbúté kó sì máa lọ. Ó sì fẹ́ àmì-ẹ̀yẹ yẹn, ó fẹ́ ẹ dọ́kàn. Àmọ́ ọwọ́ tó ń wò yìí ti wà ní nínà kí òun tó mọ orúkọ ara òun kọ, kò sì sẹ́ni tó gbà á rí. Ó wẹ̀ lọ sídìí ọkọ̀, ó sì di ọwọ́ náà mú.

Ọkọ̀ adájọ́ súnmọ́ wọn, fèrè dún. "Ta ló fọwọ́ kan ẹnì kejì?"

"Èmi ni," ni Temwa wí. "Èmi ni mo di ìyá mi mú."

Ọmọbìnrin kan láti Karonga wẹ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó sì gba ipò kìíní. Ní èbúté, àwọn kan pòṣé, àwọn yòókù gbé agbọ̀n ẹja wọn, wọ́n lọ.

Nígbà tí ọkọ̀ wọn gúnlẹ̀, tí ojú NyaMhone sì wálẹ̀, ó bi ọmọ rẹ̀ pé, "Ká ní mi ò nawọ́, ṣé ìwọ lò bá gba ipò kìíní?"

Temwa fẹ́ parọ́, kò lè pa á. "Èmi ni, Màmá."

"O mọ̀ bẹ́ẹ̀ tí o fi gba ọwọ́ mi?"

"Mo mọ̀."

NyaMhone mú ife thobwa kúrò nínú ọkọ̀, ó rọra rìn wọ inú adágún títí omi fi dé orúnkún rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì ń fọ̀ ọ́. Temwa dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń sunkún àmì-ẹ̀yẹ rẹ̀ láìjẹ́ kí ìyá rẹ̀ gbọ́.