Bàálù Táyé

Ọjà'ba dàrú lọ́jọ́ náà. Bàálù ń bú ramúramù bọ̀ láti ìhà Mọ́lété. Elépo fi garawa sílẹ̀ ó sá, alágbàdo kó sábẹ́ àtẹ, ẹni tó ń ké Láìláhà ń ké e, ẹni tó ń pe ìyá rẹ̀ ń pè é. Èèyàn méjì péré ló dúró gbọnin láàárín ọjà tí wọ́n gbójú sókè. Gàfárù, ọ̀dọ́mọkùnrin káfíńtà tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Bẹẹrẹ, ni ọ̀kan. Ojú tirẹ̀ ló kọ́kọ́ wálẹ̀, ó sì balẹ̀ sára ọmọbìnrin kan tó ṣì ń wòkè, tí ìbòrí rẹ̀ ti bọ́ sí èjìká, tí ẹnu rẹ̀ là díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ bi ọ̀run ní ìbéèrè. Lẹ́yìn náà ni ojú ọmọbìnrin náà wálẹ̀. Ojú ṣe mẹ́rin.

"Ṣé ẹ ka ìyẹ́ rẹ̀?" ni ọmọbìnrin náà bi í, bí ẹni pé wọ́n ti mọra tipẹ́.

"Méjì lókè, méjì nísàlẹ̀."

"Ìdí rẹ̀ ńkọ́? Igi ló ń wọ́ nídìí, àbí táyà?"

Kí Gàfárù tó lanu, ohùn kan bú jáde lábẹ́ àtẹ aṣọ. "Kúlúsúmù! Ṣé o fẹ́ kó gbé ọ lọ ni?" Bàbá rẹ̀ ni, Alàgbà Àkíbù, oníṣòwò aṣọ. Ó fa ọmọ lọ́wọ́, ó di ilé wọn ní Bẹ́yẹrúnkà.

Lọ́jọ́ náà gan-an ni Gàfárù kọ lẹ́tà sí Kúlúsúmù. Ilé kéú ló ti mọ̀wé, nítorí náà háràfù Lárúbáwá ló fi kọ Yorùbá ìfẹ́ rẹ̀. Ó ká a, ó fi há inú fìlà. Inú fìlà ló sì wà, torí ta ni yóò rán? Báwo ni káfíńtà yóò ṣe wọlé onílé tí wọn ò pè é?

Àfi bí ọ̀nà ṣe là. Alàgbà Àkíbù ti sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí pé òun rí orí èèyàn tó yọ síta lórí bàálù, wọ́n sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Àkíbù, ṣé ó kí ọ pé ẹ kú ọjà?" Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra. Nígbà tó lọ ra aṣọ l'Ékòó, ó rí páálí kan tó kún fún igi wẹ́wẹ́ tí èèyàn lè tò di bàálù kékeré. Ó rà á, ó ní ẹ̀rí dé. Àmọ́ bàálù ara páálí ní òrùlé, ó ní fèrèsé. Bàálù ayé ọ̀làjú tuntun ni, èèyàn inú rẹ̀ kì í yọrí. Àwọn ọ̀rẹ́ tún rẹ́rìn-ín. Ló bá gbé páálí lọ bá Gàfárù.

"Èyí tí mo rí àti èyí, ìbejì ni wọ́n," ni bàbá náà wí. "Ẹ̀gbọ́n ni mo fẹ́ o, kì í ṣe àbúrò. Tó bá parí, gbé e wá sílé."

Sílé! Gàfárù ò gbọ́ nǹkan mìíràn mọ́.

Nígbà tó jókòó tì í, ó rò ó dáadáa. Ìbejì: Táyé ló kọ́kọ́ dé, Kẹ́hìndé ló dé gbẹ̀yìn, Kẹ́hìndé sì ni ẹ̀gbọ́n. Ọmọ Yorùbá wo ni kò mọ̀yẹn? Ẹ̀gbọ́n nìyẹn, èyí tó dé gbẹ̀yìn, èyí tó wà nínú páálí gan-an. Ó tò ó bí wọ́n ṣe yà á, tòrùlé tòrùlé, ó fi ewé ìpín fá a títí ó fi ń dán.

Ní Bẹ́yẹrúnkà, Alàgbà Àkíbù yí bàálù lọ́tùn-ún, ó yí i lósì. "Orí dà?"

"Orí wo, Bàbá?"

"Orí ọkùnrin inú ẹ̀! Mo ní ẹ̀gbọ́n, o gbé àbúrò wá. Ṣé etí ẹ di ni?"

"Bàbá, ìbejì lẹ wí. Kẹ́hìndé sì ni…"

Ẹ̀rín bú láti ẹnu ọ̀nà yàrá. Kúlúsúmù ni, ó fi ìbòrí bo ẹnu. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ fi ọ̀rọ̀ ìbejì kó bá wọn. Táyé lẹ fẹ́, èyí tó kọ́kọ́ tọ́ ayé wò."

Ikùn bàbá náà bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ẹ̀rín pa òun náà. "Kò burú. Sọ ọ́ di Táyé. Níbí ni kó o ti ṣe é, lójú mi. Ọmọ yìí rí i ju èmi lọ, òun ni yóò máa júwe."

Bí Gàfárù ṣe di ẹni tó ń wọlé tó ń jáde nìyẹn. Iṣẹ́ náà ṣàjèjì sí i: báwo ni wọ́n ṣe ń dá bàálù padà sí ìgbà èwe rẹ̀? Ó fi ayùn kékeré gé òrùlé kúrò. Ó po ìyẹ̀fun igi mọ́ oje tó ń lẹ̀, ó fi dí fèrèsé, ó sì fá a nígbà tó gbẹ. Ó yọ táyà ìdí, ó fi ègé ọparun rọ́pò rẹ̀, torí Kúlúsúmù búra pé igi ló ń wọ́ nídìí. Òwú ìránṣọ ló ta sáàárín ìyẹ́ òkè àti ti ìsàlẹ̀.

"Kí ni òwú yẹn ń ṣe fún un?" ni Kúlúsúmù bèèrè.

"Bóyá òun ni kì í jẹ́ kí ìyẹ́ ká."

"Tó bá já lókè ńkọ́?"

"Ẹ má gbẹnu lé e."

Gbogbo ọ̀rọ̀ igi ló ń tẹnu Gàfárù jáde. Ti inú fìlà kọ̀, kò jáde. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló ń lọ síbẹ̀, á tún padà.

Ó wá ku ihò tí orí yóò ti yọ.

"Ẹyọ kan," ni bàbá wí. "Orí kan ni mo rí."

"Méjì ni, Bàbá. Ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Abẹ́ àtẹ lẹ wà."

"Abẹ́ àtẹ kẹ̀! Nǹkan mi ló já bọ́ tí mo ń ṣà." Ó kọjú sí Gàfárù. "Ìwọ náà wà níbẹ̀. Mélòó lo rí?"

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ Gàfárù. Tó bá ní ẹyọ kan, ó sọ Kúlúsúmù di òpùrọ́. Tó bá ní méjì, bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tún ní tẹ ilé yìí mọ́.

"Bàbá, ti iwájú ni mo rí. Kí ti ẹ̀yìn tó kọjá, ojú mi ti kúrò lókè."

"Ó gba ibo lọ?"

Ọwọ́ Gàfárù tún lọ sí fìlà. Kúlúsúmù tẹjú mọ́ ẹní bí ẹni tó ń ka fọ́nrán rẹ̀.

Alàgbà Àkíbù wo ọ̀kan, ó wo ìkejì. Ó húkọ́. "Gbẹ́ ihò méjì. Ẹni tó bá dá wà lókè yẹn, òtútù á pa á." Ó dìde, ó gbé búùtà omi àlùwàlá rẹ̀. "Fìlà tó o ń fọwọ́ kàn láti ìjọ́ tó o ti ń bọ̀, tó bá jẹ́ iṣẹ́ ni wọ́n fi rán ọ, jẹ́ ẹ fún ẹni tó ni ín. Èmi ń lọ kí ìrun alásàrì."

Gàfárù bọ́ fìlà. Òógùn ti mú kí lẹ́tà náà pọ́n, ó ti ká bí èèpo igi. Ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án.

Kúlúsúmù ò tètè gbà á. "Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ bàálù."

"Ìwọ yìí," ni ó wí, kò pè é ní ẹ̀yin mọ́, "o wá jẹ́ kó gbó báyìí?"

Ó sì gbà á.