Epo Pupa Tó Kù Nínú Ìgò

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kọkànlá ọdún 2024 ni Mubaraq ọmọ mi kú ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni. Tramadó ló lò, ó sì fi oògùn ikọ́ lé e. A gbé e wá sílé ní ìlú Ọ̀yọ́, a sin ín sí Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ lọ́jọ́ náà, kí oòrùn tó wọ̀.

Lọ́jọ́ fídáù rẹ̀, ọ̀gá kan láàárín àwọn tó ń gbógun ti oògùn olóró wá bá mi ní ìsọ̀ mi, níbi tí mo ti ń rán awọ.

"Ẹ kú ìrọ́jú, Bàbá. Kí Ọlọ́hun fi Àlùjánnà kẹ́ ẹ. A máa ṣe ìwọ́de ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé fọ́tò ọmọ yín dání, kí ẹ bá àwọn ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀. Ogun yìí, a ti fẹ́ẹ̀ ṣẹ́gun ẹ̀."

Mo gbà. Mo fẹ́ kí ẹnì kan jìyà.

Lọ́jọ́ Ajé, mo kọ́kọ́ lọ kó ẹrù Mubaraq ní Under G, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹniọlá tí wọ́n jọ ń gbé yàrá ló ṣílẹ̀kùn fún mi. Kò wá síbi ìsìnkú. Ó dọ̀bálẹ̀, kò fẹ́ dìde.

"Dìde," mo ní. "Ilé ìwòsàn ò jìnnà síbí. Kí ló dé tí ẹ ò gbé e lọ?"

"Bàbá, a rò pé oorun ni. Ó ń hanrun. Nígbà tí a gbá a létí tí kò jí, a da epo pupa sí i lẹ́nu."

"Epo? Ṣé ọbẹ̀ lẹ fẹ́ fi í sè ni?"

"Wọ́n ní ó máa ń pa oró oògùn ni, sà."

"Ilé ìwòsàn ni mo bi ọ́!"

Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. "Lóṣù tó kọjá, Basit tó ń gbé ilé yìí gbé ọ̀rẹ́ ẹ̀ tí oògùn dá dùbúlẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn kan. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ yè. Àwọn agbófinró tó ń gbógun ti oògùn wá mú Basit níbẹ̀, wọ́n ní òun ló fún un lóògùn. Ó ṣì wà ní àtìmọ́lé. A ti gbé Mubaraq dé ẹnu ọ̀nà, sà, ọlọ́kadà ti dúró. Ẹnì kan wá ní, 'Ẹ rántí Basit o.' A bá gbé e padà wọlé."

Mo bi í: "Ẹni tó tà á fún yín ńkọ́?"

Ó na ọwọ́ sí ìsọ̀ kékeré kan lódìkejì títì. "Wọ́n mú un lọ́jọ́ Túsìdeè. Fúráìdeè ló ti padà dé."

Mo jáde láì mú ẹrù kankan. Bí mo ṣe ń kọjá níwájú ìsọ̀ náà, ọkùnrin tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi. "Bàbá, ẹ kú ìrìn o! Kí ni kí n fún yín?"

Mo bá tèmi lọ.

Níbi ìwọ́de, ọ̀gá náà fún mi ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Mo gbé fọ́tò ọmọ mi sókè.

"Ọmọ mi lo oògùn. Ó ṣe ohun tí kò dáa, n kò ní gbè é. Ṣùgbọ́n ó ṣì ń mí nígbà tí ọ̀kadà dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀rù yín ló ba àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n fi gbé e padà. Ẹni tó tà á fún un kò bẹ̀rù yín, ó kí mi láàárọ̀ yìí. Ogun tí ọ̀tá ò sá fún, tó jẹ́ pé ẹni tó fẹ́ gba ẹ̀mí là ló ń sá fún un, ẹ má sọ fún mi pé ẹ fẹ́ẹ̀ ṣẹ́gun ẹ̀. Ẹ tú Basit sílẹ̀!"

Ọ̀gá náà já ẹ̀rọ gbà lọ́wọ́ mi. "Ẹ má bínú o, ìbànújẹ́ ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu Bàbá."

"Irọ́ ni," mo ní. "Èmi ni mò ń sọ̀rọ̀."

Mo padà sí yàrá náà lọ kó ẹrù. Ohun tí mo bá níbẹ̀ nìyí: ṣòkòtò mẹ́ta, ìwé ìṣirò kan tí kò tíì kà dé ìdajì, fóònù tí ojú rẹ̀ ti fọ́, tẹ̀sùbáà ìyá rẹ̀, sálúbàtà awọ tí mo rán fún un nígbà tó wọlé ẹ̀kọ́, tí gìgísẹ̀ rẹ̀ kò tíì jẹ, ìrọ̀rí tí epo ti bà jẹ́, àti ìgò epo pupa, ó ku díẹ̀ nínú rẹ̀.